Bí Owó Ètò Ẹ̀kọ́ Ṣe Ń La Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ Kọjá

Ẹ̀yin ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbikíbi tí àwọn òbí àti olùkọ́ bá ti ń ṣèpàdé ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, yálà ní Bódìjà, ní Agbowó, ní Dùgbẹ̀, ní Ring Road tàbí ní Challenge, ìbéèrè kan kì í pẹ́ yọjú: ìgbà wo ni ìjọba yóò tún òrùlé tó ń jò ṣe? Ìdáhùn tí wọ́n sábà máa ń gbọ́ ni pé iṣẹ́ náà kò sí nínú ìṣúná ọdún yìí. Ìdáhùn náà lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, síbẹ̀ kò tó. Ó yẹ kí ará ìlú mọ ẹni tí ó ń kọ iṣẹ́ sínú ìṣúná, ẹni tí ó lè yọ ọ́ kúrò, ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àti ìgbà tí ó ti tì. Ìdí nìyí tí a fi ṣe àlàyé yìí lórí ọ̀nà tí àbá ìṣúná ètò ẹ̀kọ́ ń gbà kí ó tó di òfin.

Òfin ni ìṣúná

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ka ìṣúná sí ìwé ìlérí lásán. Òfin ni, gẹ́gẹ́ bí òfin yòókù tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ń ṣe. Abala 120 nínú Ìwé Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 pa á láṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fa owó yọ nínú àpò ìṣúra ìpínlẹ̀, àfi èyí tí Ìwé Òfin fúnra rẹ̀ tàbí òfin tí Ilé ṣe bá fọwọ́ sí. Abala 121 sì gbé iṣẹ́ lé Gómìnà lọ́wọ́ pé kí ó mú kí wọ́n ṣe àkójọ owó tí ìpínlẹ̀ ń retí àti owó tí ó fẹ́ ná, kí ó sì tẹ́ ẹ síwájú Ilé kí ọdún ìnáwó tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ wa, ọdún ìnáwó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní, ó sì ń parí ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kejìlá.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé Gómìnà ló ń dá ìṣúná lábàá, Ilé ló sì ń fún un láṣẹ. Gómìnà kò lè ná owó tí Ilé kò fọwọ́ sí. Bákan náà, àwọn aṣòfin kò lè dìde lọ kọ́ kíláàsì fúnra wọn, nítorí pé ẹ̀ka aláṣẹ ni iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí ó ti ń bẹ̀rẹ̀

Kí ìṣúná tó dé Ilé, ó ti rìn jìnnà. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìṣúná àti ètò ọrọ̀ ajé ló ń kọ̀wé sí gbogbo iléeṣẹ́ àti àjọ ìjọba pé kí wọ́n mú ohun tí wọ́n nílò wá, láìkọjá gbèdéke owó tí a fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́, kì í ṣe iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń jẹ nínú àwo yìí. Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Àjọ OYOSUBEB, tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìpele àkọ́kọ́ girama, wà níbẹ̀. TESCOM, àjọ tó ń gba olùkọ́ girama síṣẹ́, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ó jẹ́ ti ìpínlẹ̀: Yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó di ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan láti ọdún 2020, Pólì Ìbàdàn ní Sango, àti àwọn pólì tó wà ní Ẹrúwà àti Ṣakí, láì ka àwọn mìíràn.

Ní àsìkò yìí kan náà ni ìjọba máa ń pe àwọn ará ìlú jọ ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan, ní Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Òkè-Ògùn àti Ìbàràpá, láti béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ ṣe fún wọn. Ọba, ìjòyè, ọlọ́jà, olùkọ́, ọ̀dọ́ àti àwọn aláàbọ̀ ara ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀. A rọ̀ yín kí ẹ má fojú kékeré wo ìpàdé yìí. Igi gànǹgàn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ó rọrùn láti fi iṣẹ́ kan kún ìwé tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́ ju kí a wá wọ̀nà fún un nínú ìwé tí wọ́n ti pa dé lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ká ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà ní Agbowó tí ó nílò kíláàsì mẹ́ta. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yóò kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàdàn. Ọ́fíìsì yẹn yóò fi ránṣẹ́ sí OYOSUBEB, OYOSUBEB yóò gbé e lé ìwọ̀n pẹ̀lú àìní àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, yóò sì kọ èyí tí agbára rẹ̀ ká sínú àbá tirẹ̀. Bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kò bá kọ̀wé, tàbí tí ìwé náà bá sùn sórí tábìlì kan lójú ọ̀nà, àwọn aṣòfin kò ní rí i rárá nígbà tí ọjọ́ bá pé.

Ìgbà mẹ́ta tí Ilé ń kà á

Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wa, tó wà ní Sẹkitéríàtì Agodi, ní aṣòfin méjìlélọ́gbọ̀n. Abẹnugan rẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Adébọ̀ Ògúndóyìn tó ń ṣojú Ìlà-Oòrùn Ìbàràpá, ẹni tí ó dé ipò náà ní oṣù kẹfà ọdún 2019. Bódìjà àti Agbowó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàdàn, tí ó ní aṣòfin méjì. Ring Road wà ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Ìbàdàn, tí òun náà ní méjì. Ìjókòó Ilé kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ àfi tí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin, ìyẹn mọ́kànlá ó kéré tán, bá pé sí ìjókòó.

Gómìnà fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń wá tẹ́ àbá náà síwájú Ilé, tí yóò sì sọ ohun tí ìṣúná dá lé lórí. Lẹ́yìn èyí ni akọ̀wé Ilé yóò ka àkọlé rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Kò sí àríyànjiyàn ní ìpele yìí; ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń kéde pé àbádòfin náà ti dé ọwọ́ Ilé.

Ní kíkà kejì ni àwọn aṣòfin ti ń jíròrò lórí ìlànà gbogbogbòò. Ṣé owó tí a ń retí ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé? Èló ni yóò lọ sí ẹ̀kọ́, sí ìlera, sí ọ̀nà àti sí iṣẹ́ àgbẹ̀? Aṣòfin kọ̀ọ̀kan lè dìde sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ẹkùn rẹ̀ ń retí. Bí àbá náà bá la ìpele yìí kọjá, Ilé yóò gbé e lé àwọn ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìdí iṣẹ́: iwájú ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó

Ìpele yìí ni àwọn aṣòfin ti ń tú ìwé náà palẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo rẹ̀ kò pọ̀ nínú ìròyìn. Ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ètò ẹ̀kọ́ yóò pe Kọmíṣọ́nnà, akọ̀wé àgbà iléeṣẹ́, àwọn alága àjọ àti àwọn olórí ilé ẹ̀kọ́ gíga láti wá ṣàlàyé. Wọn kì í wá lọ́wọ́ òfo. Wọ́n ní láti mú àkọsílẹ̀ ọdún tó ń lọ lọ́wọ́, àwọn ìbéèrè tí wọ́n sì ń dáhùn jẹ́ irú èyí:

Èló ni Ilé fọwọ́ sí fún yín lọ́dún yìí? Èló ló tẹ̀ yín lọ́wọ́? Kí ni ẹ fi ṣe? Iṣẹ́ wo ni kò parí, kí ló sì fà á? Olùkọ́ mélòó ni yóò fẹ̀yìn tì lọ́dún tó ń bọ̀, mélòó ni ẹ sì fẹ́ gbà rọ́pò wọn? Ilé ẹ̀kọ́ wo ni iṣẹ́ tuntun yìí yóò lọ, kí sì ni ìdí tí ẹ fi yàn án?

Ọ̀nà méjì ni owó kọ̀ọ̀kan pín sí níwájú ìgbìmọ̀. Èkíní ni owó tí à ń ná lójoojúmọ́, bí owó oṣù òṣìṣẹ́, pépà, ṣọ́ọ̀kì, iná mànàmáná àti àtúnṣe kéékèèké. Èkejì ni owó iṣẹ́ àkànṣe, bíi kíkọ́ kíláàsì, ríra àga àti tábìlì, gbígbẹ́ kànga ẹ̀rọ tàbí kíkọ́ yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Bí a bá gba olùkọ́ láìkọ́ kíláàsì, akẹ́kọ̀ọ́ yóò há gádígádí sójú kan. Bí a bá kọ́ kíláàsì láìgba olùkọ́, ilé tuntun yóò dúró láìsí ẹni tí yóò kọ́ni nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ni láti rí i pé ọ̀nà méjèèjì bá ara wọn mu.

Lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yìí, ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ yóò kọ àbọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìnáwó àti ìṣúná. Ìgbìmọ̀ yìí ló ń kó àbọ̀ gbogbo ẹ̀ka jọ tí ó ń wo bóyá àpapọ̀ wọn ṣe déédéé pẹ̀lú owó tí ń wọlé. Òun ni yóò gbé àbọ̀ kan ṣoṣo wá sí iwájú gbogbo Ilé, níbi tí wọn yóò ti gbé e yẹ̀ wò ní orí kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn yóò kà á nígbà kẹta, wọn yóò sì fọwọ́ sí i.

Àpẹẹrẹ láti inú ìṣúná ọdún 2025

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Gómìnà Ṣèyí Mákindé tẹ́ àbá ìṣúná ọdún 2025 síwájú Ilé. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 678 bílíọ̀nù náírà. Nínú rẹ̀, 145.2 bílíọ̀nù ni a yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́, ìyẹn ìdá 21.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá pín gbogbo ìṣúná sí ọgọ́rùn-ún náírà, náírà mọ́kànlélógún àti díẹ̀ ni ti ẹ̀kọ́. Nígbà tí Ilé parí iṣẹ́ tirẹ̀, àpapọ̀ tí ó fọwọ́ sí di nǹkan bí 684 bílíọ̀nù. Ìyàtọ̀ bílíọ̀nù mẹ́fà yìí fi hàn pé Ilé lágbára láti yí ohun tí Gómìnà gbé wá padà.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń gbọ́ pé àjọ UNESCO ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ya ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́. Ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fẹnu kò sí ní ìlú Incheon, ní Gúúsù Kòríà, ní ọdún 2015 yàtọ̀ sí èyí. Wọ́n ní kí ìjọba ya ó kéré tán ìdá 15 sí 20 nínú gbogbo ìnáwó rẹ̀ sọ́tọ̀, tàbí ìdá 4 sí 6 nínú àpapọ̀ ọrọ̀ tí orílẹ̀-èdè ń pèsè lọ́dún. Ìwọ̀n yìí ni ó yẹ kí a fi wo ìṣúná wa. Ṣùgbọ́n ìdá tí a yà sọ́tọ̀ nìkan kò sọ gbogbo ìtàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òótọ́ gbọ́dọ̀ béèrè iye tí a ná ní tòótọ́ nígbà tí ọdún bá parí.

Ìdajì tí ń bẹ ní Àbújá

Ohun kan wà tí ó mú kí ìṣúná ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí ti ẹ̀ka mìíràn. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2004, sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan fún ọdún mẹ́sàn-án: mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní ìpele àkọ́kọ́ girama. Òfin náà ní kí ìjọba àpapọ̀ ya ó kéré tán ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún àpò ìṣúra rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìrànlọ́wọ́ yìí. Àjọ UBEC ló ń pín in. Kí ìpínlẹ̀ kan tó lè gba tirẹ̀, òun náà gbọ́dọ̀ dá ó kéré tán ìdajì owó iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí iṣẹ́ kan bá jẹ́ bílíọ̀nù méjì, ìpínlẹ̀ yóò mú bílíọ̀nù kan wá, ìjọba àpapọ̀ yóò sì mú ìkejì wá. Bí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kò bá kọ bílíọ̀nù kan ti ìpínlẹ̀ sínú ìṣúná, tàbí tí wọ́n kọ ọ́ tí owó náà kò jáde, ti Àbújá yóò jókòó síbẹ̀. Bílíọ̀nù méjì ni àwọn ọmọ wa yóò pàdánù. Ìdí nìyí tí àwọn aṣòfin fi gbọ́dọ̀ wo orí ìṣúná yìí dáadáa kí wọ́n tó gé ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀.

Ó yẹ kí a tún ṣàlàyé pé àpò ìjọba ìbílẹ̀ ni owó oṣù àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ń wá, nítorí Ìwé Òfin fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ipa nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá owó oṣù wọn lábẹ́ Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ nínú ìṣúná ìpínlẹ̀ lè má rí i níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ láti inú ìtàn Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ owó ẹ̀kọ́ kì í ṣe tuntun ní ìlú yìí. Ní oṣù keje ọdún 1952, Olóyè Stephen Awókọ̀yà, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tẹ́ àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Ìbàdàn. Ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ̀ pé owó tó wà nílẹ̀ kò ní tó, wọ́n sì ní kí àgbàlagbà máa san owó orí fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Owó orí yìí bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú. Nínú ìdìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní ọdún 1954, ẹgbẹ́ alátakò ló mú ìjókòó tó pọ̀ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn. Síbẹ̀, ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955. Iye ọmọ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti 456,600 ní ọdún 1954 sí 811,432 ní ọdún 1955.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé ọ̀fẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún àpò ìjọba. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa fagi lé owó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ń san, ní ọdún 2019, ẹrù tí ó kúrò lórí òbí bọ́ sórí ìṣúná. Ohun tí òbí kò san mọ́, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i láti ibòmíràn.

Ìbuwọ́lù, ìdádúró àti àfikún

Nígbà tí Ilé bá fọwọ́ sí àbádòfin ìṣúná, ó di ọwọ́ Gómìnà. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni Ìwé Òfin fún un láti buwọ́ lù ú tàbí kí ó kọ̀. Bí ó bá kọ̀, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin, ìyẹn méjìlélógún nínú méjìlélọ́gbọ̀n, bá tún fọwọ́ sí i, àbádòfin náà di òfin láìsí ìbuwọ́lù rẹ̀.

Bí ọdún tuntun bá bẹ̀rẹ̀ tí ìṣúná kò tíì di òfin, ilé ẹ̀kọ́ kò ní tì. Abala 122 gba Gómìnà láàyè láti ná owó fún iṣẹ́ ìjọba tó ń lọ lọ́wọ́ fún àkókò tí ó ní gbèdéke, iye rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju ìwọ̀n tí a fọwọ́ sí fún irú àkókò bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Bí owó kan kò bá tó, tàbí tí nǹkan tí a kò rò tẹ́lẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, Gómìnà lè padà wá sí Ilé pẹ̀lú àfikún ìṣúná, kí Ilé sì gbé òun náà yẹ̀ wò.

Lẹ́yìn tí ó ti di òfin

Òfin ìṣúná ń fún ìjọba láṣẹ láti náwó. Kò lè sọ owó tí kò sí di èyí tó wà. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí owó tí ń wá láti Àbújá tàbí owó orí tí a ń gbà nílé bá kéré sí ohun tí a retí, àwọn iṣẹ́ kan yóò fà sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ àwọn aṣòfin kò fi parí ní kíkà kẹta. Abala 128 fún wọn lágbára láti pe àwọn tó ń ná owó ìlú kí wọ́n wá ṣàlàyé. Nígbà tí ọdún bá sì parí, olùyẹ̀wé-owó-wò àgbà ti ìpínlẹ̀ yóò yẹ ìwé ìṣirò wò, yóò sì fi àbọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ilé láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí ìwé náà bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ohun tí ó kù sí ọwọ́ ará ìlú

Ọ̀nà mẹ́ta ni a fẹ́ kí ẹ di mú. Èkíní, kí àìní ilé ẹ̀kọ́ yín tó di ariwo, ẹ rí i dájú pé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti kọ ọ́ sílẹ̀ ránṣẹ́, kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ sì tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà. Èkejì, ẹ lọ sí ìpàdé ìṣúná ní ẹkùn yín, kí ẹ sì dárúkọ ilé ẹ̀kọ́, àdúgbò àti ohun tí ó nílò ní pàtó. Ẹ̀kẹta, láàárín ìgbà tí Gómìnà bá tẹ́ àbá sílẹ̀ àti ìgbà tí Ilé bá kà á nígbà kẹta, ẹ tọ aṣòfin tó ń ṣojú yín lọ. Ẹ bi í bóyá iṣẹ́ náà wà nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́.

Àkókò náà kì í gùn. Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejìlá ni iṣẹ́ sábà máa ń pọ̀ jù ní Agodi. Ẹni tí ó bá dúró di oṣù kìn-ín-ní kí ó tó sọ̀rọ̀ yóò bá òfin tí wọ́n ti buwọ́ lù nílẹ̀, yóò sì ní láti fojú sọ́nà fún àfikún ìṣúná tàbí fún ọdún mìíràn.